Òdòdó Àkànjí Lórí Ilẹ̀ Ìdáná Ìyá Mi

Ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ kí Àkànjí kọ́kọ́ wò nìyẹn, kó tó gbé òdòdó láti Ìbàdàn wá fi dá wàhálà sílẹ̀ ní agbo ilé wa. Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí, tó ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tó máa ń fa ìgbálẹ̀ ya lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbóòórùn ewé náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àkànjí ní kì í ṣe torí ẹnu ni wọ́n ṣe ń gbìn ín, torí ojú ni. Ojú ta ni, kò sọ.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Àkànjí. Ojú ọ̀nà tó jáde láti Ìkìrun lọ sí Inísà ni agbo ilé wa wà, ibẹ̀ la jọ dàgbà sí, mo sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, bàbá tèmi ní agbára òun ò gbé ọmọ méjì nílé ìwé, pé ọmọ òrukàn ni ká kọ́kọ́ dì mú. Bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin nìyẹn, tí wọ́n fà mí lé káfíńtà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, Àkànjí wọ bàtà mi lọ sílé ìwé. Bàtà mi gan-an. Ó kàwé, ó di akọ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ajíbádé lásán, kò sí "bọ̀dá" níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni pé ìwé máa ń fi kún ọjọ́ orí ẹni tó bá kà á. Àwọn kan ní kí n gbàgbé. Ẹni tí wọn ò wọ bàtà rẹ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbé.

Ní ọdún 1989, ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dín Àkànjí mọ́ ọn. Ó kó dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Fọláfúnmi, tíṣà ọmọ Òkukù, ó sì wọ ilé bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Kò dá oko, kò kọ́ṣẹ́, kò ṣí ìsọ̀. Ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, ó ń wo títì, bí ẹni pé mọ́tò ìjọba ṣì ń bọ̀ wá gbé e.

Ilẹ̀ tóóró kan wà láàárín ilé méjèèjì, ó nà láti ẹ̀yìnkùlé dé etí títì. Ibẹ̀ ni ìdáná ìyá mi wà kó tó wó. Pèrègún tí bàbá àgbà wa gbìn ṣe ààlà wà lẹ́bàá ògiri Àkànjí. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí pèrègún ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá, kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ilẹ̀ náà. Èmi ni mo ni ín, mo sì ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìyàwó mi, Túnráyọ̀, ń ta ike àti abọ́ lábẹ́ agboòrùn ní etí títì níwájú ibẹ̀. Bí òjò bá dé, á sáré kó ọjà wọlé. Bí oòrùn bá mú, àwọn ike rẹ̀ á ṣá, garawa pupa á di àwọ̀ ẹnu arúgbó. Mo ti ṣèlérí ìsọ̀ fún un látọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó. Owó búlọ́ọ̀kù ni ò tíì pé.

Ìgbà náà ni Àkànjí wá tọrọ ilẹ̀ náà pé òun fẹ́ gbin òdòdó. Kò wá bá èmi. Ó dúró di ọjọ́ tí Ìyá wa Inísà wá kí wa, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú wọn, torí ó mọ̀ pé mi ò ní lè sọ ohun tó wà lẹ́nu mi níbẹ̀. Àyìnkẹ́ ni orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n àwọn bàbá wa ni wọ́n, Inísà ni wọ́n sì lọ́kọ sí; àwọn nìkan ló kù nínú àwọn àgbà wa, ọ̀rọ̀ wọn ló ń ká gbogbo wa lápá kò.

Ìyá wa bi í pé ṣé igi ni ohun tó fẹ́ gbìn. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n béèrè. Ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ata, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, torí lọ́jọ́ iwájú, ọmọ rẹ̀ á na ìka sí igi náà, á ní ilẹ̀ bàbá òun nìyí.

Àkànjí ní, "Kì í ṣe igi, ìyá. Ìtàkùn lásán ni. Láàárín ọdún kan náà ló máa hù, tó máa yọ òdòdó, tó máa kú."

Ìyá wa ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Àkànjí títí ìtàkùn náà á fi kú. Bó bá ti kú, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ Ajíbádé. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́.

Èso náà dúdú, ó le, ó ní igun. Ìgbẹ́ eku ni mo kọ́kọ́ pè é. Àkànjí ní ìyàwó ọ̀gá òun ní Ìbàdàn, ará Íńdíà kan, ló fún òun. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn wọn ha òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan kí omi lè ráyè wọnú wọn, ó sì rẹ wọ́n sínú kọ́ọ̀bù tíì mọ́jú. Gbogbo ẹni tó kọjá ló pè wá wò ó. Túnráyọ̀ wo inú kọ́ọ̀bù náà, ó ní ilá òun náà máa ń sùn nínú omi kí òun tó gbìn ín, òun ò sì pe ará àdúgbò wá kí i.

Ó ri ọparun mọ́lẹ̀, ó ta okùn sára wọn, ó gbin èso sí ìdí okùn. Nígbà tó hù, a rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Ó lọ ra ajílẹ̀. Ó tún gbé ìgbẹ́ adìyẹ lé e. Ìtàkùn náà sì gbọ́ ohun tó sọ fún un. Ewé ń hù lórí ewé, ó gun ọparun tán, ó gun okùn aṣọ wa, ó nawọ́ sí fèrèsé yàrá mi. Òdòdó kan ṣoṣo kò yọ. Ẹ̀fọ́ tí èèyàn ò lè sè ló fi ajílẹ̀ bọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí mo bá ti rí i lówùúrọ̀, màá bi í pé òdòdó ńkọ́. Á ní, "Sùúrù, Ajíbádé. Sùúrù." Ẹni tí ìjọba lé ló ń kọ́ mi ní sùúrù.

Nígbà tí agbára ajílẹ̀ náà rọlẹ̀, ó yọ. Màá sọ òótọ́, àwọ̀ rẹ̀ dára, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ jáde nínú aró. Ṣùgbọ́n òdòdó náà kì í pẹ́ níta. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, á là. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á ti ká kò bí agboòrùn tí wọ́n pa dé, kò sì ní ṣí mọ́ láéláé. Àkànjí mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ ní Òkukù pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Ta ni ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Òkukù ò ní gbéra títí á fi kún? Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé. Bàbá ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú ewé náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

Bàbá náà ní, "Àna mi, èwo ni òdòdó níbẹ̀?"

Àkànjí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sùn, pé wọ́n á rí i tí ilẹ̀ bá mọ́. Bàbá náà ní òun ní iṣu nílẹ̀ lóko. Èmi wà nínú ìsọ̀ iṣẹ́ mi, mo ń fá pákó. Mo fá a ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má baà rẹ́rìn-ín síta.

Ọ̀yẹ́ dé, ìtàkùn náà gbẹ. Kò sí ewé, kò sí òdòdó, èèpo èso gbígbẹ ló ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Mo pe Àkànjí síta, mo ní ó ti kú o. Ó ní òun ti rí i, pé kí n jẹ́ kí òun ṣa èso rẹ̀ ná. Mo gbà. Ó ṣa díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù dà sílẹ̀, torí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ rí kì í mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa nǹkan. Mo ja yanrìn síbẹ̀. Mo to búlọ́ọ̀kù tí mo ti rà síbẹ̀. Túnráyọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ máa wà.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ìtàkùn hù. Ó hù lórí yanrìn, ó hù láàárín búlọ́ọ̀kù, ó hù nínú ihò búlọ́ọ̀kù. Àkànjí jáde ti òun ti pákò lẹ́nu, ó rí i, ó sì rẹ́rìn-ín títí pákò fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò kú. Ó sùn ni. Ohun tá a sì jọ sọ níwájú ìyá ni pé bó bá kú."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kí oṣù tó parí, ó ti yọ ọparun, ó ra irin, ó ri irin mọ́lẹ̀, ó sì fi kọ́ńkéré ro ìdí wọn. Kí ni ìtàkùn ọdún kan fẹ́ fi kọ́ńkéré ṣe? Èèyàn kì í ri kọ́ńkéré síbi tó ti máa kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àlejò pé "ọgbà mi". Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Túnráyọ̀ pé kó sún agboòrùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, pé kì í jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rí òdòdó dáadáa. Túnráyọ̀ kó garawa rẹ̀ jọ, ó jókòó tì wọ́n, nígbà tó sì di alẹ́, ó bi mí pé ṣé abẹ́ agboòrùn náà ni wọ́n máa bá òun tí òun bá kú. Mo ránṣẹ́ sí Inísà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìyá wa dé, wọ́n sì ní a ò ní sọ ohunkóhun títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì. Aládùúrà ni gbogbo wa. A wọ aṣọ funfun wa, a bọ́ bàtà sílé, a lọ. Àkànjí ti ṣáájú. Ó já òdòdó náà nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ó kó o sínú ife dígí, ó gbé e síwájú pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Nígbà tí wòólì ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, ta ló dìde? Ó pẹ́ kó tó dé iwájú, torí ó ń dúró kí gbogbo èèyàn rí i.

Ó ní kí ìjọ bá òun yin Olúwa. Ó sọ nípa ìjọba tó lé òun, ó sọ nípa àwọn ọ̀tá ilé. Níbi ọ̀tá ilé, àwọn kan yíjú wo ẹ̀yìn níbi tí mo jókòó sí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ife dígí náà.

"Ẹ̀yin ará, òdòdó tí ẹ̀ ń wò yìí, mi ò gbìn ín lọ́dún yìí. Mi ò rẹ èso, mi ò kọ ebè, ọwọ́ mi ò kàn án rárá. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló hù ú."

Ìjọ ké halelúyà. Wọ́n lu agogo. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Ìyá wa Inísà ò ké halelúyà. Wọ́n rọra ń tún ìborùn wọn ṣe, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó ń wẹ ọwọ́.

A ò tíì bọ́ aṣọ funfun nígbà tí wọ́n pe gbogbo wa jọ sórí ilẹ̀ náà. Fọláfúnmi wà níbẹ̀, Túnráyọ̀ wà níbẹ̀, èmi àti Àkànjí dojú kọ ara wa, búlọ́ọ̀kù mi wà láàárín wa pẹ̀lú ìtàkùn lórí. Ọ̀sán ti ń lọ, òdòdó ti pa dé. Ìyá wa ní kí Àkànjí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí akọ̀wé, ó ní agíríméǹtì, ó ní kọndísọ̀n. Ó ní ikú yàtọ̀ sí oorun. Ó ní ohun tó bá kú kì í jí, pé níwọ̀n ìgbà tí ìtàkùn ti jí, kò kú, pé bí kò bá sì tíì kú, ilẹ̀ ò tíì padà. Nígbà tó parí, ó wo ojú mi. Ó dà bí ìgbà tó wọ bàtà mi tán.

Ìyá wa ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àkànjí ni wọ́n bi.

"Àkànjí, ọ̀pẹ tó bá lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lóko tí wọ́n yá èèyàn, ta ló ni ín?"

"Onílẹ̀ ni, ìyá."

"Ẹni tó ń dáko síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní nǹkan kan níbẹ̀, ìyá. Ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló ni."

"Ó dáa. Ta ló gbin èyí?"

Àkànjí la ẹnu. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, torí ẹnu náà ò pa dé. Fọláfúnmi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àkànjí ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èso tèmi ló dà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Wọ́n ní, "O ti ṣàlàyé níwájú pẹpẹ. Ọwọ́ rẹ ò kàn án, Ọlọ́run ló hù ú. Àbí ká padà lọ bá wòólì, ká sọ fún wọn pé irọ́ lo pa nínú aṣọ funfun?"

"Mi ò parọ́, ìyá."

"Mo mọ̀ pé o ò parọ́. Òdòdó Ajíbádé nìyẹn. Wá ibòmíì ri irin sí."

Irin ò ṣeé yọ mọ́. Ó ti ro ìdí rẹ̀ dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tí mo kọ́ ìsọ̀ Túnráyọ̀, mo fi méjì nínú irin náà gbé páànù iwájú ró. Oṣù tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ la ṣí ìsọ̀ náà. Àkànjí ń retí nígbà náà pé Òṣogbo á ránṣẹ́ pe àwọn akọ̀wé àtijọ́. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí. Òṣogbo ò pè é. Ohun tó ń rí láti orí àga náà ni ògiri ìsọ̀ mi, pẹ̀lú òdòdó.

Mo fẹ́ hú gbogbo rẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀. Túnráyọ̀ ló ní kí n fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kó máa gba oòrùn fún ike òun. Mo fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ta okùn tuntun fún un, bí òjò bá sì pẹ́, mo ń bomi rin ín, kó má baà di pé Àkànjí á jí lówùúrọ̀ kan, kó má rí i. Lọ́dọọdún ló ń kún sí i. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní ìsọ̀ olódòdó, Àkànjí sì ní láti pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń júwe ilé tirẹ̀ fún àlejò.

Ó ní èso tirẹ̀, ẹ má ṣe káàánú rẹ̀. Ohun tó fi èso náà ṣe ni mo fẹ́ sọ. Ó kó o sínú ìgò nígbà tí kò tíì gbẹ dénú, ó sì dé e pinpin. Ẹni tí wọ́n yọ mí nílé ìwé torí rẹ̀. Nígbà tó ṣí ìgò náà lọ́dún 1993, gbogbo rẹ̀ ti bu, ó ti jẹrà. Ọdún náà gan-an ni Mofolúwakẹ́, ọmọ rẹ̀, fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn àna pé òdòdó ló máa bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun.

Ó wá sí ìsọ̀ iṣẹ́ mi. Kò gba ẹ̀gbẹ́, iwájú ló gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdajì ìdọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bọ̀dá. Mo gbé ìfági kalẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní èso díẹ̀ lòun fẹ́ tọrọ, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Túnráyọ̀ yọjú láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n fún un.

Mo ní, "Mi ò gbìn ín, Àkànjí. Ọwọ́ mi ò kàn án. Ọlọ́run ló hù ú. Lọ tọrọ lọ́wọ́ Ẹni tó hù ú."

Ó yí padà, ó lọ. Túnráyọ̀ gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ níwájú mi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo jẹun alẹ́ mi dáadáa.

Òjò ọdún náà pọ̀. Mo jí lówùúrọ̀ kan, mo lọ wo ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, mo sì rí ewé náà níbi tí kò yẹ kó wà. Ó ti hù ní òdìkejì pèrègún, ní ìdí ògiri Àkànjí, ó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ń nawọ́ wá nǹkan gùn. Èso tèmi ló fò kọjá. Tàbí omi òjò ló gbé e. Àkànjí ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti òun ti pákò, ó ń wò ó, ó ń wò mí. Ó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, orí ilẹ̀ rẹ̀ ló sì wà. Ìyá wa ti dá irú ẹjọ́ yẹn.

Mo wọlé lọ mú àdá. Mo rí i pé ó di pákò rẹ̀ mú pinpin. Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí pèrègún, mo gé èyí tó yọrí sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo gé e gúngún bí ẹni fi rúlà gé pákó, n kò sì kan ewé kan tó wà lọ́hùn-ún. Mo nu àdá mi, mo wọlé.

Ó ta okùn fún un. Ó gùn, ó yọ, ó bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó náà. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n pe àwọn àna. Ó ti kọ́gbọ́n ìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wòólì ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Mo yíjú wò ó. Àkànjí jókòó, ó gbé orí sínú ìwé orin, ó ń ṣí i láti ojú ìwé kan sí òmíràn, títí wòólì fi kọjá síbi ìwàásù.